Ajá Tí Kò Jẹ́ Kí N Dọ̀bálẹ̀

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó mú mi jáde nílé láìní ìbátan kan níwájú, tí kò sì jẹ́ kí n sọnù. Mo dúpẹ́ nítorí iṣẹ́, mo dúpẹ́ nítorí òrùlé, mo dúpẹ́ nítorí ìyàwó tí mo fẹ́. Mo sì dúpẹ́ nítorí ajá kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò yẹ kí a dárúkọ ajá nínú àdúrà ọpẹ́, kí ó fara balẹ̀ kà á dé òpin ná.

Ọmọ Ṣakí ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ti kàwé láti kékeré. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ orin, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ àdúrà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ wa pé ọmọkùnrin tí kò bá tíì dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, kò tíì jí ní ọjọ́ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni mo rí iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣètò ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Port Harcourt, bí mo ṣe di ará ìdálẹ̀ nìyẹn.

Òjò ni ó kọ́kọ́ kí mi. Ní Ṣakí, òjò a máa ránṣẹ́ síwájú: ìjì á fẹ́, eruku á gbéra, àwọn obìnrin á sáré ká aṣọ. Òjò Port Harcourt kì í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Oòrùn á wà lókè, omi á sì wà ní ọrùn ẹni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìwé ẹ̀rí mi ti hu funfun nínú àpótí.

Ìkíni ni ó tún yà mí lẹ́nu. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mi, mo rí ìyá arúgbó kan tí ń yan bọ̀ọ̀lì àti ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti kí wọn. Wọ́n rò pé mo dákú ni. Kí n tó gbórí sókè, wọ́n ti da igbá omi kan lé mi lórí, wọ́n sì ti ń pe àwọn ènìyàn kí wọ́n wá gbé mi. Pẹ̀lú aṣọ tútù lára ni mo jẹ bọ̀ọ̀lì ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n san owó, wọ́n ní aláìsàn ni mí.

Màmá Ibinabo ni wọ́n ni ilé tí mo rí gbà ní àdúgbò D-Line. Opó ni wọ́n, ará Kalabari, wọ́n sì ń sá edé gbígbẹ sórí tábìlì gígùn kan ní àgbàlá, wọ́n ń tà á. Yàrá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní mo lè gbà á. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí, bóyá mo ń bẹ̀rù ajá. Mo ní rárá. Ajá tí mo mọ̀ ni ti ilé wa, tí ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tí ènìyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti òkèèrè.

Màmá súfèé. Ohun tí ó yọ láti ẹ̀yìn ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, bóyá pátákò ẹṣin wà níbẹ̀. Àwọ̀ eérú ni, ara rẹ̀ ń dán, etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí ewé kókò, àyà rẹ̀ sì jìn bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ó na ọrùn, imú rẹ̀ kan àyà mi. Kò gbó. Ó yí ìhà rẹ̀ sí mi, ó fara tì mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àgbàlagbà tí ó ti rẹ̀, èmi àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sì wó sínú agbọ̀n edé.

“E don like you,” ni Màmá wí. “Go bring your load.” Wọ́n ní ó fẹ́ràn mi, kí n lọ kó ẹrù mi wá.

Búrúnò ni orúkọ ajá náà. Òyìnbó ẹnjiníà kan tí ń gbé ní Elelenwo, tí ó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ Màmá, ni ó fi í sílẹ̀ fún wọn nígbà tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ó tẹ ìwé olójú méjì lórí bí a ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Màmá kò mọ̀wé kà, wọ́n kàn ká ìwé náà sínú Bíbélì wọn ni. Wọ́n wá fà á lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ yàrá, bí ẹni pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ni Búrúnò.

Èmi tí wọ́n fi kátíkísìmù tọ́ dàgbà, bí wọ́n bá kọ nǹkan sílẹ̀, mo gbọ́dọ̀ pa á mọ́. Mo lẹ ìwé náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ìjọ. Ó sọ pé Gíréètì Déènì ni wọ́n ń pe irú ajá yìí, pé àwọn baba ńlá rẹ̀ máa ń lé ẹlẹ́dẹ̀ igbó fún àwọn ọdẹ, ṣùgbọ́n pé ohun tí ó fẹ́ báyìí ni kí ó ṣáà wà láàárín ẹbí. Ní ti ẹlẹ́dẹ̀ igbó, n kò lè jẹ́rìí. Adìyẹ Màmá ni ó máa ń lé Búrúnò wọlé, yóò sì fi orí pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, gbogbo ara yòókù á wà níta.

Ìwé náà ní kí a má ṣe so ó mọ́lẹ̀ lóun nìkan, nítorí ìbànújẹ́ lè mú un ṣàìsàn. Ó ní kí a pín oúnjẹ rẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí a gbé abọ́ rẹ̀ sórí àpótí ìjókòó, kí ó má sì sáré fún wákàtí kan lẹ́yìn tí ó bá jẹun tán, torí pé ikùn ajá tí àyà rẹ̀ bá jìn báyẹn lè lọ́ pọ̀, kí ó wú, kí ó sì pa á ní ọjọ́ kan náà. Ẹ̀rù èyí bà mí púpọ̀. Bí Búrúnò bá ti jẹun tán, èmi náà á jókòó tì í, a ó jọ máa wo ara wa títí wákàtí náà yóò fi pé. Mo ka ìwé Sáàmù já lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí wọ̀nyẹn.

Ó wúwo débi pé bí ó bá sùn sórí sìmẹ́ńtì, ìgúnpá rẹ̀ á bó. Mo rán àpò ìdọ̀họ mẹ́rin pọ̀, mo ki òwú àràbà sí i, mo fi ṣe bẹ́ẹ̀dì fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì wá sun orí tèmi. Itọ́ ẹnu rẹ̀ nìkan, iṣẹ́ ni. Aṣọ ìnura kì í kúrò léjìká mi bí onígbàjámọ̀. Bí ó bá mi orí lẹ́ẹ̀kan, ògiri méjèèjì ló máa gbà nínú ìbùkún náà, kàlẹ́ńdà ìjọ kò sì yọ sílẹ̀. A kì í pariwo mọ́ ọn, nítorí ọkàn rẹ̀ kò le tó ara rẹ̀. Mo bá a wí kíkan lẹ́ẹ̀kan péré, torí ó jókòó lé bàtà ìsìn mi. Ó yíjú sí ògiri, kò jẹun alẹ́ títí mo fi tọrọ àforíjì.

Ọjọ́ méjì-méjì ni mo ń lọ sí ọjà Mile One lọ ra egungun àti orí ẹja. Alápatà tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ń wò mí fún oṣù kan kí ó tó bi mí pé ìyàwó mélòó ni mo ní nílé. Mo ní n kò tíì ní. Ó wo ẹrù orí mi, ó wo aṣọ ìnura èjìká mi, ó ní, “My brother, as you dey so, you no go get.” Ó ní bí mo ṣe rí yìí, n kò ní rí ìyàwó fẹ́. Gbogbo ìsọ̀ ẹran rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé.

Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní D-Line, ajá ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ mí lórúkọ. Ní Ṣakí, kò sí ìgbà tí mo bá kọjá tí ẹnìkan kì í mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ mi ní Port Harcourt, mo lè rìn láti ilé dé èbúté kí ẹnu kankan má pè mí. Ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé n kò sí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú Búrúnò rìn ní ìrọ̀lẹ́, ohun gbogbo yí padà. Àwọn ọmọdé ń ké “Papa Bruno” láti òkè ilé. Awakọ̀ takisí ń dúró bi mí bóyá mo fẹ́ ta ẹṣin mi. Ní ọjọ́ tí obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí sọ fún ẹlòmíì lójú mi pé ará àdúgbò wa ni mí, mo dé ilé, mo sì kọrin ìyìn títí Màmá fi béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ibi iṣẹ́.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń lọ tò sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láti pe ilé pásítọ̀ wa ní Ṣakí, níbi tí ìyá mi á ti jókòó dè mí láti àárọ̀. Ní ọjọ́ kan mo ròyìn Búrúnò fún wọn. Wọ́n bi mí bí ó ṣe ga tó, mo sọ. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹ̀sìn tí mo fi tọ́ ọ náà lo ṣì ń ṣe?” Mo ní òun náà ni. Wọ́n gbé tẹlifóònù fún pásítọ̀, pásítọ̀ sì fi ìṣẹ́jú tí ó kù gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tí ó dí àwọn kìnnìún lẹ́nu wà pẹ̀lú mi. Mo ṣe àmín. Nígbà tí mo padà délé, kìnnìún náà ti ń dúró lẹ́nu géètì, ó sì fẹ́ jókòó sórí ẹsẹ̀ mi.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. A ní ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá nínú ìjọ wa ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Díákónì àgbà kan láàárín wa wá bẹ̀ mí wò nílé. Mo dọ̀bálẹ̀ ní àgbàlá bí ọmọ tí wọ́n tọ́. N kò mọ̀ nígbà náà pé bí ajá bá fẹ́ pe ajá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ síbi eré, yóò fi àyà lélẹ̀, yóò na ọwọ́ méjèèjì síwájú, yóò sì gbé ìdí sókè. Ní ojú Búrúnò, ìkésíni sí eré ni mo ń ṣe, àní mo tilẹ̀ ṣe é ju ajá lọ. Ó dáhùn bí ó ti yẹ: ó fi àyà lélẹ̀, ó gbé ìdí, ó fò, ó sì dùbúlẹ̀ lé mi lórí pátápátá bí ẹni tí wọ́n tẹ́ sórí ẹní. Díákónì ti dé ọ̀nà títì kí n tó lè mí. Bàtà wọn kan wà lọ́dọ̀ mi títí di ọjọ́ Àìkú.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí sí àgbà kejì, àti ẹ̀kẹta. Mo gbìyànjú kí n tètè lọ sílẹ̀ kí n tètè dìde. Búrúnò yá jù mí lọ. Mo jáwọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí ba díẹ̀ láti kí àgbà, ọwọ́ lẹ́yìn. Èyí tí ó burú jù ni pé àṣà náà bá mi dé ìjọ. Kí n tó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, mo ti kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, àyà mi kò sì ní í tíì kan ilẹ̀ tí n ó fi dìde. Àwọn àgbà rí i. Wọ́n ní ọmọ Ṣakí yẹn ti di ará Port Harcourt, kò kà wá sí mọ́. N kò mọ bí mo ṣe lè dúró níwájú wọn kí n ní ajá ni kò jẹ́ kí n kí yín.

Bùnmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Ó ń kàwé ní yunifásítì tí ó wà ní Choba, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ra edé lọ́wọ́ Màmá ní ọjọ́ kan, Búrúnò sì lọ fara tì í. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sá. Bùnmi fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, òun náà fara ti ajá náà, ó sì bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. N kò tún wo obìnrin mìíràn mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀rọ̀ wa ti di ti ìgbéyàwó.

Ṣùgbọ́n bàbá Bùnmi, ọ̀gá aṣọ́bodè ni wọ́n ní èbúté, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ń fi ọwọ́ ara wọn lọ aṣọ iṣẹ́ wọn. Ní ilé wọn, ọmọ gbọ́dọ̀ kí ènìyàn kí ó tó sín. Wọ́n ti gbọ́ nípa ọmọ Ṣakí tí kì í dọ̀bálẹ̀ délẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní fi ọmọ àwọn fún ẹni tí kò mọ àgbà, torí ẹni tí kò bá wólẹ̀ fún bàbá ìyàwó kò ní mọ iyì ìyàwó. Bùnmi bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti wá fojú ara wọn rí mi.

“Sátidé ni,” ni ó sọ fún mi. “Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn máa wá. Bí ẹ ò bá dọ̀bálẹ̀, ó tán. Bí Búrúnò bá sì ṣe wọ́n bó ṣe ṣe Díákónì, ó tán náà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa.”

Mo gbààwẹ̀. Mo fún Búrúnò lóúnjẹ ní kùtùkùtù, a jókòó wákàtí wa pé, mo nu ẹnu rẹ̀, mo tì í mọ́ inú kíṣìnnì Màmá. Màmá fúnra wọn gbé àga síwájú ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó tì í pẹ̀lú àwo edé lórí ẹsẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá máa jáde, àfi kó gba orí àwọn kọjá.

Bàbá Bùnmi dé ní agogo mẹ́wàá gééré. Bùnmi wà lẹ́yìn wọn lẹ́nu géètì, kò lè wo ojú mi. Bàbá dúró ní àárín àgbàlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì edé, ọwọ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n sì ń wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ẹrù tí ìwé rẹ̀ kò pé. Mo dá wọn mọ̀ láti èbúté, mo dúpẹ́ lọ́kàn, n kò bojú wẹ̀yìn. Mo na gbogbo ara mi sílẹ̀, àyà, ikùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ní, “Ẹ káàbọ̀ sà.”

Mo gbọ́ tí àga ṣubú. Mo gbọ́ ohùn Màmá, “Bruno, abeg.” Ó kàn fara ti ilẹ̀kùn ni, gẹ́gẹ́ bí ìwà rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ti àga, àga sì ti Màmá sínú edé.

Wọ́n sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn náà, nítorí ilẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Búrúnò sáré dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fi àyà lélẹ̀ kọjú sí bàbá Bùnmi. Bàbá, tí n kò rò pé wọ́n ti gun nǹkan kan láti ìgbà èwe wọn, ti wà lórí tábìlì edé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Búrúnò wá bá mi. Mo mọ̀ ọ́n nípa ìwúwo. Èémí mi tán, itọ́ gbígbóná ń kán sí mi létí, n kò sì mira. A kò tíì ní kí n dìde.

Ẹ̀rín Màmá nìkan là ń gbọ́, bí ẹni tí ń sunkún. Bàbá rí i pé àwọn kò lè sọ̀ kalẹ̀, mo rí i pé n kò lè dìde, wọ́n sì jẹ́ ènìyàn tí kì í fi àkókò ṣòfò. Láti orí tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè tí wọ́n mú wá. Wọ́n bi mí nípa ìdílé wa, nípa iṣẹ́ mi, nípa ìgbà tí mo ṣe ìrìbọmi. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ láti abẹ́ ajá, mo ń pín ọ̀rọ̀ mi bí èémí bá ṣe yọ̀ǹda. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí léyìí tí ó gbé wọn wá.

“Ṣé nítorí ajá yìí ni o kì í fi í dọ̀bálẹ̀ délẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“O sì mọ̀ pé bí o bá dọ̀bálẹ̀ lónìí, ó lè jáde wá?”

“Mo mọ̀ sà. Kò sí ìgbà tí kì í jáde.”

“Kí ló dé tí o kò fi dìde nígbà tí o gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀?”

“Ẹ kò tíì ní kí n dìde, sà.”

Mo gbọ́ tí tábìlì dún. Mo rí bàtà dúdú dídán kan tí ó sọ̀ kalẹ̀ síwájú ojú mi, lẹ́yìn náà èkejì, edé lẹ̀ mọ́ méjèèjì. Ìwúwo kúrò lẹ́yìn mi. Búrúnò ti rí ẹni tuntun, ó sì ti lọ fara tì í. Bàbá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n di tábìlì mú, wọn kò ṣubú. Nígbà tí mo gbé ojú sókè díẹ̀, ọwọ́ wọn ti wà lórí rẹ̀, wọ́n ń rọra fi ọwọ́ kàn án bí ẹni tí ń wò ó bóyá ó gbóná. Èmi ṣì wà nílẹ̀.

Wọ́n yíjú sí ẹnu géètì, níbi tí ọmọ wọn ti fi gèlè bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Bùnmi, ẹ̀rín yẹn tó. Wá gbé ọkọ rẹ dìde.”

N kò lè dìde lóòótọ́, ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri. Ẹ̀rín àti ẹkún ni mo jọ ń ṣe nínú iyẹ̀pẹ̀ náà nígbà tí ó di apá mi mú, Màmá Ibinabo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Irú ajá ńlá bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé bí ajá ilé wa. Búrúnò bá wa gbé títí ọmọ wa àkọ́kọ́ fi di etí rẹ̀ mú kọ́ ìrìn, lẹ́yìn náà ó sùn ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò sì jí. Bàbá Bùnmi wá láti èbúté nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì bá mi gbẹ́ ilẹ̀.

Ìwọ tí o ka èyí, bí ó bá jẹ́ pé ìdálẹ̀ lo wà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o pẹ́ níbẹ̀ kí ẹnìkan tó mọ orúkọ rẹ. Kí Ó fún ọ ní onílé tí yóò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ, kí Ó fún ọ ní àna tí yóò bi ọ́ ní ìbéèrè kí ó tó dá ọ lẹ́jọ́. Kí oúnjẹ rẹ má gbẹ, kí ara rẹ má dùn ọ́, kí ayọ̀ tí o kò retí rí ọ̀nà ilé rẹ. Àmín.